Ehoro Tó Ń Gbààwẹ̀

Kò sí ohun tó bàjẹ́ ní ilé iṣẹ́ wa tí wọn kì í kọ́kọ́ wo ojú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti rọ omi kún ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tí mo sì tọ́jú rẹ̀ sórí àga bàbá tó ń darí ẹ̀rọ, orúkọ mi ti bàjẹ́ kọjá ohun tí ọṣẹ lè fọ̀.

Èmi ni mo ń bọ́ àwọn ehoro. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni dókítà tó ń fi wọ́n wá ìwòsàn fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi títí ọpọlọ mi fi ń sè bí ìkòkò. Wọ́n á fa oògùn kan tó ń jẹ́ bórọ́ọ̀nù sí ẹran náà ní iṣan, oògùn á wọ inú ẹ̀dọ̀, á sì kó jọ síbi tí jẹjẹrẹ wà ju ibi tó dá lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á tan ìtànṣán sí i. Ìtànṣán ọ̀hún kò le fúnra rẹ̀, àmọ́ bó bá ti kan bórọ́ọ̀nù, bórọ́ọ̀nù á fọ́ yángá, á pa jẹjẹrẹ sí ojú ibùsùn rẹ̀, aládùúgbò kò sì ní gbọ́ kí ló ṣẹlẹ̀.

Ehoro tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ni mo sọ ní Baba Onílé, nítorí ó máa ń yínmú bí ẹni tí ayálégbé kò kí. Lẹ́yìn ìtọ́jú náà, Baba Onílé kọ oúnjẹ. Ohun tí mo bù sí abọ́ láàárọ̀ ni mò ń bá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rù ba ẹ̀gbọ́n mi pé bóyá ìtànṣán ti jó ibi tó dá lára ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá àgbà ti ní bí ẹran náà kò bá jẹun títí ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi rù títí ó fi dà bíi pé aṣọ funfun rẹ̀ ló ń dá rìn lọ́ọ̀dẹ̀.

Ó bi mí bóyá mo fi ata sóúnjẹ. Mo fi orí ìyá wa búra. Ó ní kí n fi orí tèmi búra, ìyá náà bí òun pẹ̀lú.

Ọjọ́ Ẹtì pé, ọ̀gá àgbà ní ká gbé Baba Onílé sórí ìwọ̀n. Ó wò ó, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

“Dókítà, ẹran tó ń gbààwẹ̀ ló sanra báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ èmi náà ní irú ààwẹ̀ yẹn.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Kí n tó lanu, Baba Onílé ti ki orí bọ àpò aṣọ funfun ẹ̀gbọ́n mi, ó sì fa kárọ́ọ̀tì kan jáde, ó ń rún un wómúwómú. Èèrà tó ń kọjá lára ògiri pàápàá dúró wò ó.

“Ẹyọ kan ni mò ń fún un láàárọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ó ń wò mí ṣáá ni.”

Bàbá ẹ̀rọ wúkọ́. Ó ní òun náà ń ki kárọ́ọ̀tì tòun gba àárín wáyà kéèjì tí ẹran náà ń gbé, torí òun lòun tan ìtànṣán sí i lára, àánú rẹ̀ sì ń ṣe òun. Olúkúlùkù wọn rò pé òun nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ẹran lóúnjẹ àfi ẹni tó ń bọ́ wọn.

Ọ̀gá bá wọn wí títí etí ehoro pàápàá fi wálẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú: jẹjẹrẹ ti súnkì, ibi tó dá sì wà bó ṣe wà. Ọ̀gá ní kí iṣẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni kó máa mú kọ́kọ́rọ́ kéèjì lọ́wọ́. Ó wò yíká títí, ó mí kanlẹ̀, ó fà á lé mi lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi yọ́ wá, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.

“Àbúrò mi àtàtà,” ni ó wí.

“Dókítà,” ni mo fèsì, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ mọ̀ pé n kò kàwé púpọ̀.”