Orí Fífọ́ Kareemat

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje, ọdún 2024, nọ́ọ̀sì kan ní Ṣàgámù fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru Kareemat, ó sì tún un wò. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ti ga jù, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí orí bá ń fọ́ yín, tàbí tí ojú yín ń ṣe bàìbàì, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ máa bọ̀ níbí. Ó lè pa ìyá, ó lè pa ọmọ."

Ṣẹ̀rífù ọkọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ obì lọ sí Kánò. Àlàájà Ṣùkúrátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ló kù nílé wọn ní àdúgbò Ìjòkú, ìyẹn kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí kò bá ṣe ọ̀rọ̀ obì. Ìdí agbọ̀n ni Kareemat ń wà láàárọ̀ títí dalẹ́, yóò bó obì, yóò ṣa èyí tí kòkòrò jẹ, yóò sì máa jẹ àwọn tó bá fọ́.

Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó sọ fún Àlàájà.

"Ṣé kí orí ẹni tó ń jẹ obì bí ewúrẹ́ má fọ́ ni?" Àlàájà rẹ́rìn-ín. "Fi obì sílẹ̀ ná."

"Ẹsẹ̀ mi náà wú, mà. Nọ́ọ̀sì ní..."

"Ẹsẹ̀ ta ni kì í wú nídìí obì? Tèmi wú nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ. Ṣé mo kú ni?"

Kareemat fi obì sílẹ̀. Orí náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó sì gbà pé obì ló fà á lóòótọ́. Ó pe Ṣẹ̀rífù.

"Ìyá ọmọ tí a ò tíì rí!" ni ìyẹn fi dáhùn láàárín ariwo ọjà.

"Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Jẹ́ kí ọjà yìí tà ná. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí," ni ó wí. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí náà padà dé. Iná wínníwínní ń tàn lójú rẹ̀. Ó rò pé obì tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ ni kò tíì dá lára òun, ó sì jókòó sídìí agbọ̀n láìsọ fún ẹnì kankan. Ibẹ̀ ni Àlàájà ti bá a nílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kareemat yè. Obìnrin ni ọmọ náà. Ó ti kú kí wọ́n tó gbé e jáde.