Mílíìkì Àwọn Apọ́nyùn

Sàfúrátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró ọkọ rẹ̀ yọ nínú àpò ni Ọ̀gá Adékọ̀yà ṣẹ́jú sí i pé kó dá a padà. Àlejò ìjọba tó wá yẹ iṣẹ́ wò wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń mu ẹlẹ́rìndòdò tútù.

Gbogbo àwọn tó ń pọ́n ayùn ló wọ ìbòmú. Ó funfun báláú, ojú ibi tí wọ́n ká a sí nínú ọ̀rá ṣì hàn.

Ọdún mọ́kànlá ni Muideen, ọkọ rẹ̀, fi pọ́n ayùn ní Ìkòsì yìí. Kò mú ìbòmú wálé rí, itọ́ dúdú ló ń mú wá. Mílíìkì alágolo ni ọ̀gá ń fún wọn lójoojúmọ́, wọ́n ní ó máa ń fọ eruku irin kúrò láyà. Muideen gbà á gbọ́. Sàfúrátù náà gbà á gbọ́, àní ó máa ń ra tirẹ̀ kún un.

Dókítà ló ní ikùn ni mílíìkì ń lọ, pé irin ti di àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kí ọ̀gá kọ ìwé pé iṣẹ́ òun ló fà á, kí ilé iṣẹ́ lè máa sanwó atẹ́gùn tí wọ́n fi sí i nímú. Láìsí ìwé yẹn, ilé ìwòsàn á yọ atẹ́gùn náà lọ́jọ́ Ẹtì.

Àlejò béèrè ẹni tí obìnrin náà í ṣe.

“Kọ́sítọ́mà wa ni,” Ọ̀gá Adékọ̀yà fèsì. “Pákó ló ń tà.”

Sàfúrátù pa àpò rẹ̀ dé. Ẹni tó ń wá ìwé lọ́wọ́ èèyàn kì í dójú tì í níwájú àlejò.

Àlejò buwọ́ lùwé, ó ti àpòòwé kan bọ àpò, ó lọ. Géètì ò tíì padé tí ọ̀gá fi ń gba ìbòmú káàkiri, tó ń kó wọn padà sínú ọ̀rá.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé yẹn.”

“Ìwé kẹ̀, ìyàwó wa? Ṣé mo mọ ohun tí Muideen ń fà símú nílé ni? Ṣé mi ò fún un ní mílíìkì ni?” Ó gbé odidi páálí mílíìkì kan síwájú rẹ̀. “Bá mi kí i.”

Sàfúrátù bojú wo ọ̀nà. Àlejò ti lọ.

Níbi ẹ̀rọ tí Muideen ń lò tẹ́lẹ̀, Godwin, ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ báyìí, fi ìṣó dá agolo mílíìkì tirẹ̀ lu, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún gbẹ. Òórùn mílíìkì pa pọ̀ mọ́ ti irin gbígbóná. Godwin fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ibi tó nù mọ́, ojú tó kù dúdú.

“Aunty, ẹ kí Brother Muideen o,” ó ní, ó sì tan ẹ̀rọ.