Bàtà Inú Orin

Agbẹ̀bí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò fẹ̀yìn tì. Odidi ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi gbọ́ ẹkún ìkókó. Ní báyìí, orin ló kù tó fẹ́ máa gbọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ sídì àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ ti di akólòlò. Bó bá dé àárín orin, á máa tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wí, àfi bí Agbẹ̀bí bá fọ́ ọ létí kó tó tẹ̀ síwájú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ra tuntun. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń rán bàtà ní òpópónà kejì, ló bá a gbé e látinú mọ́tò. Bó ṣe ń wọlé ló ti ń ráhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wúwo tó báyìí? Ṣé òkúta ni wọ́n dì síbẹ̀ ni?"

"Rọra o! Bí ọmọ tuntun ni kó o ṣe gbé e."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n sídì yẹn náà lẹ máa fi sí i, sípíkà yẹn náà ló máa gbà jáde. Ọbẹ̀ kan náà lẹ kàn dà sínú abọ́ míì."

Agbẹ̀bí tọ́ka sí ibi tó máa gbé e kalẹ̀ sí. Ó kúnlẹ̀, ó yọ wáyà pupa àti funfun lára èyí àtijọ́, ó nu eruku wọn, ó wá tì wọ́n bọ ẹ̀yìn tuntun, pupa sí pupa, funfun sí funfun. Ó ki sídì bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà ń sáré lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kẹ́kẹ́ pa mọ́ sípíkà lẹ́nu.

"Háà!" ni àbúrò rẹ̀ wí. "Èyí àtijọ́ ń kólòlò, tuntun wá yadi!"

Agbẹ̀bí yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò. Ó fọwọ́ kan àwọn wáyà náà, kò sí èyí tó tú. Ìgbà tó wo ojú ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà, ló bú sẹ́rìn-ín. Rédíò ló ṣì yí i sí látìgbà tó ti gbọ́ ìròyìn àárọ̀! Ó yí i sí sídì.

Orin bú jáde. Okùn gìtá ń dún ketekete, ó sì ń gbọ́ bí obìnrin tó ń kọrin ṣe ń mí kanlẹ̀ kó tó gbóhùn sókè. Agbẹ̀bí dijú, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ kan.

Àbúrò rẹ̀ aránbàtà ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ máa lọ. Ó dúró lójijì.

"Ẹ dákẹ́ ná."

"Ṣé mo sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹnì kan ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbọ́: kò, kò, kò. Bàtà ni!"

"Ìlù ni, jàre."

"Ìlù kẹ̀? Kí ni mo fi ń jẹun látọjọ́ yìí? Bàtà aláwọ ni, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ lápá kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá a padà kí Agbẹ̀bí tó gbọ́ ọ.

"Àṣé lóòótọ́ ni! Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ní sídì yìí, mi ò gbọ́ ọ rí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Fóònù àbúrò rẹ̀ dún. Oníbàárà kan ló dúró sẹ́nu ìsọ̀ tó bá a ní títì.

"Ẹ má bínú, màmá," ló wí sínú fóònù. "Bàtà ẹnì kan ni mo ń yẹ̀ wò níbí. Iṣẹ́ rẹ̀ le díẹ̀."

Ó pa fóònù, ó fa àga sún mọ́ sípíkà, ó jókòó.

"Orin tó kàn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí àwọn tìyẹn wọ̀."