Pròpẹ́là Àkọ́kọ́ ní Ìkòsì

Òkúta ojú pápá ló bu pròpẹ́là ọkọ̀ òfurufú Ọ̀gá Jìmí jẹ. Pròpẹ́là ni abẹ̀bẹ̀ irin tó ń fa ọkọ̀ náà lọ síwájú. Apá méjì ló ní. Ọ̀kan ṣì ń dán. Etí èkejì ti bu wọlé.

Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Gbénró ní Ìkòsì, ó bojú wo títì.

"Ibi tí lọ́rí tòmátò ń gbà kọjá lẹ ti fẹ́ tún pròpẹ́là ṣe?"

"Tòmátò kì í wọlé wa."

"Ẹ máa ṣẹ̀fẹ̀. Tí èyí bá bàjẹ́, òkè òkun ni mò ń kó àwọn pròpẹ́là mi yòókù lọ."

Oníbàárà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí àṣẹ ìjọba láti máa tún pròpẹ́là ṣe ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tó ní ọkọ̀ òfurufú yòókù ń wo ohun tó máa ṣe. Bó bá lọ, ṣọ́ọ̀bù á tì.

Gbénró fi fáìlì, irin tí wọ́n fi ń họ irin, fá ojú ibẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Òòró ló fà á, kì í ṣe ìbú. Ibi tí fáìlì bá ti fá irin níbùú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Àyẹ̀wò ni iṣẹ́ Ajarat, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó da omi pupa sí i, ó nù ún, ó fọ́n lẹ́búlẹ́bú funfun lé e. Ìlà pupa kan yọ, tín-ín-rín bí irun.

"Ó ṣì sán nísàlẹ̀, Bọ̀dá."

Gbénró wọn apá náà. Irin tí òfin ṣì gbà kó fá kò nípọn tó èékánná. Bó bá kọjá ibẹ̀, apá náà di pàǹtí.

"Tí mo bá tún rí pupa, mi ò ní buwọ́ lù ú o. Ẹ ò báà jẹ́ bàbá mi."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Ó sọ fáìlì sílẹ̀, ó mú sáńpépà. Ó ń fà á díẹ̀, ó ń wọ̀n ọ́n. Òógùn wọ̀ ọ́ lójú, kò nù ún. Nígbà tó kan ààlà, ó gbọ́wọ́ kúrò.

Ajarat da omi pupa. Ó nù ún, ó fọ́n funfun. Wọ́n dúró. Funfun ò yí padà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án.

"Alihamdulilahi! Ó mọ́ tónítóní!" Ó jó yí tábìlì ká.

"Wá buwọ́ lù ú," ni Gbénró wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pa dé mọ́.

Wọ́n gbé e kọ́ sórí irin ìwọ̀n. Apá kan ò wúwo ju èkejì lọ.

Ọ̀gá Jìmí dè é padà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi fò. Bó ṣe balẹ̀ ló pè, tó ń pariwo sínú fóònù.

"Ọ̀gá Gbénró! Kò gbọ̀n rárá! Mo ní méjì mìíràn, mò ń kó wọn bọ̀!"

"Ẹ máa kó wọn bọ̀, sà."

Ó pa fóònù. Òun àti Ajarat lọ gbé tábìlì kejì jáde.