Ẹnu Ọ̀nà Tí Ọmọ Nìkan Lè Gbà

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀rù ohun tí ojú kò rí. Odò Ògùn ló wà lẹ́yìnkùlé wa ní Agboyi; bí èèyàn bá ní kí òun máa fetí sí gbogbo ohun tó ń dún nínú ewéko odò, kò ní rí oorun sùn. Adékọ̀yà ọkọ mi ń wa yanrìn lójú omi, èmi ń sin màlúù lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àwọn ará ọjà Mile 12, níbi tí mo ti ń kó èèpo iṣu àti háhá àgbàdo fún àwọn ẹran, mọ̀ mí dáadáa. Wọ́n ní ẹnu mi mú, n kò sì bá wọn jiyàn.

Ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ ṣe ọgbà kékeré sínú ọgbà ńlá. Ọparun la fi ṣe é. A dá ẹnu ọ̀nà tóóró kan sí i, a sì fi igi dábùú rẹ̀ lókè, kí ọmọ màlúù lè wọlé, kí ìyá rẹ̀ má lè wọ̀ ọ́. Inú ibẹ̀ ni mo gbé ibùjẹ àwọn ọmọ sí, tí a ń ti òkè ọgbà da àgbàdo lílọ̀, kúlíkúlí, eèrí àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ọmọ á máa mu ọmú ìyá rẹ̀, á sì tún máa wọ ibẹ̀ lọ jẹun. Díẹ̀díẹ̀ ni ikùn rẹ̀ á fi mọ̀ pé oúnjẹ wà níbòmíràn. Lọ́jọ́ tí o bá wá já a lẹ́nu ọmú, kò ní rù, kò sì ní wá ìyá kiri. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n náà débi pé mo ń fi yangàn.

Nígbà tí Bàbá Fàsásì, àgbàlagbà tó ń bá mi tọ́jú àwọn ẹran, bi mí bí ẹnu ọ̀nà náà yóò ṣe fẹ̀ tó, mo gbé Fikáyọ̀ ọmọ mi kalẹ̀ sáàárín òpó méjèèjì. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ọmú ló ṣì ń mu. Mo ní kó na ọwọ́ díẹ̀, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé ni kí wọ́n ri òpó sí. Ó kọjá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó sẹ́bàá ibùjẹ.

Bàbá ní, "Mummy Fikáyọ̀, wọn kì í fi ọmọ èèyàn wọn ilẹ̀kùn ẹran o."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wá ìṣó."

Láti ọjọ́ náà, inú ọgbà yẹn di ibi eré Fikáyọ̀. Àwọn ọmọ màlúù kì í tẹ̀ ẹ́, èmi náà sì ń ráyè ṣiṣẹ́. Ó wá di ọ̀sán kan, mo gbé ọmú sí i lẹ́nu, ó yíjú kúrò. Ikùn rẹ̀ le gbandi. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ọyàn mi wú, ó ń ro mí, omi ọmú ń kán sí mi láṣọ, ọmọ tó sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fa búláòsì mi ya kò wo ibẹ̀. Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe kúlíkúlí. Òórùn ẹ̀kọ ni, àti ti omi odò.

Inú bí mi. Mo lọ bá Bàbá Fàsásì níbi tí wọ́n ti ń kó ìgbẹ́ ẹran.

"Bàbá, kí lẹ ń fún ọmọ mi jẹ?"

Wọ́n gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń fún un lóúnjẹ."

"Níbo?"

"Nínú ọgbà kékeré yẹn. Ohùn yín ni mo máa ń gbọ́. Ẹ máa ń ní, 'Lanu, màmá àgbà.'"

Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Màmá àgbà ni mo máa ń pe Fikáyọ̀ tí mo bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé bí arúgbó ló ń rìn. Inú yàrá nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti ri òpó, èmi kò tíì fi ẹsẹ̀ kan inú ọgbà náà; mo sanra ju ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Obìnrin tó ní làákàyè ìbá ti ọ̀nà náà pa. Èmi fẹ́ rí ojú ẹni tó ń bọ́ ọmọ fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jẹ́ kí Fikáyọ̀ wọlé, mo sì dúró sẹ́yìn ọparun. Ó jókòó. Àwọn ọmọ màlúù súnra pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi àyè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tí èèyàn bá ń kọjá láàárín wọn. Ọmọ mi gbójú sókè, ó lanu. Ó jẹ nǹkan lẹ́nu, ó gbé e mì, ó tún lanu. N kò rí ọwọ́ kankan. Mo pa ẹnu mi dé, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, síbẹ̀ ohùn mi ń sọ nínú ọgbà pé, "Ó tó, màmá àgbà. Jẹ́ ká máa lọ."

Fikáyọ̀ dìde. Ó na ọwọ́ kan sókè bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fà lọ́wọ́, ó sì kọrí sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí ọparun tí kò là lánàá ti là gbàgà sí ọ̀nà odò.

Mo ké pè é. Kò bojú wẹ̀yìn. Mo ki orí bọ ẹnu ọ̀nà, èjìká mi há. Èmi àti àwọn abo màlúù la jọ wà níta níbẹ̀, tí a jọ ń ké. Bàbá Fàsásì sáré dé, wọ́n fi àdá gé igi òkè, òpó kan wó, mo fi àyà wọ́ kọjá. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ti wà nínú omi nígbà tí mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ẹ̀kọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kọ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Bàbá wó ọgbà náà palẹ̀, wọ́n sì dáná sun ọparun rẹ̀. Mo pe Adékọ̀yà lórí fóònù. Ó ní kí n di ẹrù, pé òun ń bọ̀ wá kó wa lọ sílé ẹ̀gbọ́n òun ní Ketu. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé dè é, mo gbé Fikáyọ̀ lé itan, mo sì ṣí àyà mi. Omi ọmú ti ń dà fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò ké látìgbà tí mo ti fà á yọ wá bú sẹ́kún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àyà mi, ó nara sí ọ̀nà odò, ó ń pe, "Mummy. Mummy."

"Èmi rèé," ni mo wí. "Mummy rèé, màmá àgbà."

Ó dákẹ́, ó yíjú sí mi. Ó wo ẹnu mi títí, bí ọmọ tó gbọ́ ohùn tó mọ̀ lẹ́nu àlejò. Lẹ́yìn náà ó tún kọjú sí odò, igbe rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.