Ọdún Méje Tí Wọ́n Gé Kúrò Lára Morákinyọ̀

Ní ọdún 1990, ní kóòtù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n fi ìbúra gé ọdún méje kúrò nínú ọjọ́ orí Morákinyọ̀. Kò sí níbẹ̀. Ìwé mẹ́rin péré ló kà, nítorí náà Ògúnṣọlá, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ló lọ bá a gba ìwé ọjọ́ orí tí wọ́n fi ṣe pásípọ́ọ̀tù.

"Akọ̀wé kóòtù ló ṣì í kọ," ni Ògúnṣọlá wí. Ọdún márùndínlógójì ló fi ń wí i.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé Dagenham ní London, pásípọ́ọ̀tù ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi mọ àgbà. Bí Ògúnṣọlá ṣe di ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Morákinyọ̀ gbé e mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògúnṣọlá pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n fún un ní káàdì tí yóò máa fi wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Morákinyọ̀ ń sanwó bọ́ọ̀sì lọ gbálẹ̀ ní ilé-ìwé Eastbrook láràárọ̀. Ògúnṣọlá ń wọ tirẹ̀ lọ wo odò lásán. Ìyẹn ni kò ṣeé gbé mì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ramlat, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, wá ṣàlàyé fún ìjọ wọn ní gbọ̀ngán kan ní Barking Riverside. Ó ní méyọ̀, olórí ìlú London, ló ń fi owó ọkọ̀ lélẹ̀, pé wọn kì í fẹ́ kí ti bọ́ọ̀sì wọ́n jù, torí òun ni mẹ̀kúnnù ń wọ̀, àti pé àwọn àgbà kì í san rárá.

"Ta wá ń san tiwọn?" Morákinyọ̀ béèrè.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sanwó náà ni, sà."

Morákinyọ̀ yíjú sí Ògúnṣọlá. "Ṣé o gbọ́? Èmi ni mo ń gbé ọ kiri London."

"Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n yín lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ o," ni obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kan wí lẹ́yìn.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí," Morákinyọ̀ sọ fún Ramlat. "Pásípọ́ọ̀tù ní mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."

"Ọjọ́ orí méjì ni dádì tèmi náà ní," ni Ramlat wí. "Bóyá wọ́n á gbà láti tún un ṣe, tí ẹni tó búra bá lè sọ òótọ́."

"Akọ̀wé kóòtù ni. Ó ti kú."

"Akọ̀wé kẹ̀, bàbá? Akọ̀wé kì í búra. Ẹni tó bá wá gbàwé ni wọ́n ń mú búra."

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún Morákinyọ̀ rí. Ó wo Ògúnṣọlá. Gbogbo gbọ̀ngán wò ó pẹ̀lú.

Ògúnṣọlá ṣí fìlà.

"Èmi ni mo búra, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Mo mọ ọdún tí wọ́n bí yín. Ó sú mi láti máa dọ̀bálẹ̀ fún yín ni."