Òwú Tí Wọ́n Fi Rán Ọkàn Ayọ̀kànmí

Ọjọ́ tí Ayọ̀kànmí ti ilé ìwòsàn dé, tí wọ́n ti dí ihò inú ọkàn rẹ̀, ni Saidat ìyá rẹ̀ ṣe àlàyé kan fún un. Saidat kì í ṣe dókítà. Télọ̀ ni ní Pápá Àjàó, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní, "Òwú ni wọ́n fi rán ọkàn ẹ. Tó o bá sáré, á tú." Ọmọ ọdún mẹ́jọ gbọ́, ó sì gbà. Ta ló tún mọ òwú ju ìyá rẹ̀ lọ?

Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti di ọlọ́pàá. Ayọ̀kànmí kò gbọdọ̀ fo okùn, kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló fi ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń gbé, tí ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ ń gbá ìyá náà lórúnkún. Ẹ̀yìn ń ro Saidat, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ fún wákàtí márùn-ún rí. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì mọ ibi tí ì bá gbé e kalẹ̀ sí.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́jọ, wọ́n padà lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Àǹtí Margaret, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìmárale lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ní kí Ayọ̀kànmí máa rìn lọ rìn bọ̀ ní kọ́rídọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kó yára bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ayọ̀kànmí ń rìn bí ìyàwó tí wọ́n ń mú wọlé ọkọ. Nígbà tí àkókò pé, Àǹtí Margaret wo ohun tó kọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Mọ́mì Ayọ̀kànmí, kò rìn tó rárá. Àwòrán ọkàn tí wọ́n yà láàárọ̀ dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tí agbára ẹ̀ mọ nìyí, àwọn dókítà á fẹ́ ti wáyà gba inú iṣan wọ ọkàn ẹ̀ láti wò ó."

"Ṣé wọ́n á tún là á ni?"

"Kò tíì débẹ̀, mà."

Àǹtí Margaret bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ náà. "Ṣó rẹ̀ ẹ́ ni?"

Ayọ̀kànmí ní rárá.

"Àyà ń dùn ẹ́?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tó ò yára?"

"Mi ò fẹ́ kí òwú tú ni, mà."

Àǹtí Margaret wo ìyá. Ìyá wo ilẹ̀. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn, lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mọ́mì, ibẹ̀ ti jinná tipẹ́. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń lọ ilé pé kó máa rìn, kó máa gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀."

Saidat rántí. Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà dáadáa, ó kàn gbà pé kò kan ọmọ tòun ni. Ó kúnlẹ̀ sí kọ́rídọ̀.

"Ayọ̀kànmí, tí mo bá ránṣọ oníbàárà tán, kí ni mo máa ń ṣe kí n tó gbé e fún un?"

"Ẹ máa ń fà á."

"Jẹ́jẹ́?"

"Rárá. Ẹ máa ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á gan-an."

"Tí ò bá já ńkọ́?"

"Ẹ máa ń ní kí wọ́n máa gbé e lọ."

"Ó dáa. Àwọn dókítà ti wo tìẹ, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Èmi ni mi ò gbà. Ẹ̀rù ló bà mí, mo wá dẹ́rù bà ẹ́. Má bínú."

Ọmọ náà wojú ìyá rẹ̀. "Ṣé kí n yára?"

Saidat dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Yára."

Wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Saidat jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ní ìṣẹ́jú kejì, òógùn yọ níwájú orí ọmọ náà. "Rọra" ti dé ètè ìyá, ó gbé e mì. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹfà, Àǹtí Margaret ń rẹ́rìn-ín. "Mi ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi wáyà wá. Ẹ máa lọ ilé yín."

Nígbà tí wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn ilé wọn, Saidat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láti gbé ọmọ pọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ kò bá nǹkan kan.

"Mọ́mì, ẹ máa bọ̀ o," Ayọ̀kànmí pè é láti òkè.

Saidat dúró síbẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó wá gùn ún lọ bá a.